Odídẹrẹ́ Gbé Ọkọ́

"Parí àlọ́ Odídẹrẹ́ fún àwọn ọmọ." Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà yín sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó ti pa á dé ìdajì kí àìsàn tó dá a dúró. Ẹ sún mọ́ mi. N ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gba oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó gba ìdí ẹ̀rọ, ó bà lé Odídẹrẹ́ lórí.

Ní ìgbà kan rí, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan. Bàbá Odídẹrẹ́ dá Ẹgbẹ́ Ọ̀la sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ti gbogbo wọn ni. Ẹnikẹ́ni kì í san ju owó epo lọ.

Bàbá kú, Odídẹrẹ́ di olórí ẹgbẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Orí ìrókò ló ti ń sọ ọ́: ọ̀la á dára, ọ̀la á tutù. Ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Kò gbọ́ ni, Bàbá?"

Ó gbọ́, Àìná. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní tirẹ̀ ń wọlé kiri. Ó kí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ aláàárù. Ó kí Ìyá Ìgè tó ń yan gàrí. Ó ní, "Lékeléke àlejò ló ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Ẹ fi mí ṣe olórí ìlú, n ó tún un ṣe."

Ọjọ́ ìdìbò dé, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ẹ̀rọ ṣe lóòótọ́. Ó sì ṣe ọgbà yí i ká. Bí o bá gbé agbọ̀n mẹ́ta wá, á mú ọ̀kan.

Odídẹrẹ́ rò pé wọn á sáré padà. Wọn kò padà. Nígbà tí ìdìbò mìíràn ku oṣù mẹ́ta, ó fò lọ bá wọn lóko. Àáró ni wọ́n ń ṣe: oko ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ kò rí i pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jà yín lólè?"

"A rí i," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí. "Olè ni, ṣùgbọ́n ó mọ ilé wa. Ìwọ, ilé mi dà?"



"Fi í sílẹ̀, jàre," ni Ìyá Ìgè wí. "Láti orí ìrókò, àtàrí wa nìkan ló ń rí."

Ni wọ́n bá dárin. Ẹ gbè é:

Odídẹrẹ́, ọkọ́ rẹ dà?

"Gbé e, ká ro ó."

Ọ̀rọ̀ kì í mú ẹ̀gẹ́ hù.

"Gbé e, ká ro ó."

Ìyá Ìgè ju ọkọ́ ọmọdé kan sí i. Ó gbé e. Ó ro oko Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ro ti Ìyá Ìgè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Kò sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Ó gbọ́ pé agbọ̀n tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń mú ni oúnjẹ alẹ́ Ìgè. Ó gbọ́ pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń mú ti Lékeléke náà.

"Ẹnu rẹ̀ ò yún un?"

Ó yún un gan-an, Ọ̀kẹ́.

Nígbà tí àáró kárí, Ìyá Ìgè ní, "Ó kàn ọ́. Oko rẹ dà?"

"Mi ò ní oko. Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni mo ní."

"Kí lo fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ á padà di tiwa. Ẹnikẹ́ni kò ní san ju owó epo lọ. Lékeléke náà."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi etí. "Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Mo lè rù ú délé."

Wọ́n bá a ro oko rẹ̀: wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, ìlà náà dé odò. Wọ́n wó ọgbà ìdí ẹ̀rọ. Nínú àáró, ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀ ló ń dìde nírọ̀lẹ́ láti ka iṣẹ́ tó kù. Odídẹrẹ́ dìde.

"Mi ò tíì pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Mi ò tíì tún afárá ṣe. Mi ò tíì dé ilé Lékeléke."

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ju ti ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìrókò lọ.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹni tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tẹ̀lé òun, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gbé ọkọ́, kó gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ọkọ́ yọ nínú ẹ̀rúkọ́ mi lọ́la.

Ọdún méjìlélógójì ni ìyá àgbà yín fi bá mi ṣe àáró. Ẹ jẹ́ kí n ka iṣẹ́ tèmi tó kù náà. Mo ti parí àlọ́ rẹ̀. Mi ò tíì ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn. Mi ò tíì mọ orin yẹn kọ bó ṣe ń kọ ọ́. Mi ò tíì hú ẹ̀gẹ́ tó gbìn sẹ́yìn ilé.