Bí Àwẹ̀ró Ṣe Mú Ìyàwó Tuntun Kí Ilé Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì yọ ikùn sẹ́yìn bí àpótí aṣọ, kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ obìnrin inú rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. Àwọn bàbá yín ti wà láyé, irun orí wọn ṣì kún.

Ní ayé ìgbà náà, agboolé ni kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Obìnrin kan ló máa ń ṣe àkóso ibẹ̀, Ètò ni wọ́n sì ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í, òun ló mọ ibi tí ẹrù olúkúlùkù wà. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà Tísà Adéògún ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ti pẹ́ nílé náà. Àwọn ará ilé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: Kíbọọdù tí ẹnu rẹ̀ kún fún eyín, Máòsì dúdú tí kì í jókòó sójú kan, àti Ìtẹ̀wé, àgbà oníkanra tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà.

Nínú gbogbo ẹrù tí Àwẹ̀ró ń tọ́jú, ọ̀kan wà tó fi pamọ́ sí yàrá tirẹ̀. Ohùn ìyá Tísà ni. Kí ìyá náà tó kú, Tísà ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Kò sí ibòmíràn tí ohùn náà wà láyé. Bí àárò ìyá bá sọ Tísà, Àwẹ̀ró á gbé e jáde, Tísà á gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á sì nu ojú.

Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ tó rọ Àwẹ̀ró, tí wọ́n máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ó ti darúgbó, àwọn ti rọ àwọn mìíràn tó yá jù ú lọ. Ebi mú kí ojú Àwẹ̀ró máa ṣú. Yóò ti ilẹ̀kùn tán, ilẹ̀kùn á tún ṣí. Àwọn Kòkòrò, olè tó máa ń jẹ ẹrù inú kọ̀ǹpútà, sì ti gbọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ gba Tísà níyànjú pé kó mú Ètò tuntun wá. Tísà kọ̀. Ó ní ẹni tó bá òun jìyà, òun kò ní lé e jáde lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn Kòkòrò wọlé. Wọ́n jẹ fọ́tò, wọ́n jẹ ìwé, wọ́n forí lé yàrá ohùn ìyá Tísà. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ lé ohùn náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń já a jẹ títí tí Tísà fi pa iná. Nígbà tí iná tún dé, Àwẹ̀ró bá a sọ̀rọ̀.

"Tísà mi, ẹ lọ mú ẹlòmíràn wá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ yín ò lè bá mi ti ilẹ̀kùn."

Báyìí ni Ìbídùn, Ètò tuntun, ṣe dé bí ìyàwó. Ọmọge ni, ó yára, ojú rẹ̀ mú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lé gbogbo Kòkòrò dànù. Ṣùgbọ́n kò dúró kí wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn pàtẹ́wọ́ sí àgbà oníkanra, ó ní, "Ìtẹ̀wé, dìde, iṣẹ́ yá."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìtẹ̀wé pa ẹnu dé mọ́ bébà. Kíbọọdù di eyín pọ̀, Máòsì na gbalaja, kò mira mọ́. Tísà ní kí Ìbídùn gbé ohùn ìyá òun wá, Ìbídùn ní òun kò mọ ibi tó wà. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Tísà fárígá. Ó ní òun yóò lé ọmọge náà lọ, kí Àwẹ̀ró padà, ebi ni o, olè ni o.

Àwẹ̀ró ń di ẹrù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Lẹ́yìn náà ló rántí eyín àwọn Kòkòrò. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó lọ di Ìbídùn lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, o mọṣẹ́ jù mí lọ. Ilé ni o kò mọ̀. Wá ká lọ kí wọn."

Ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un yí agboolé po. Ìbídùn ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ó pe Kíbọọdù ní Eyínfúnjowó, ó pe Máòsì ní Adúmáadán, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Ìtẹ̀wé, ó kúnlẹ̀ pẹ́.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi."

Ìtẹ̀wé wúkọ́. Ó ní kó tún un pè. Ó tún un pè, bébà sì jáde.

Ilé náà tóbi, wọ́n yí, wọ́n yí, wọ́n ń yí. Níta, Tísà kò rí ju òbìrìkìtì kékeré kan tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́bàá iná, ó fẹ́ pa á, ni Ìbídùn bá dé yàrá ìkẹyìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá ọkọ mi, mo kí yín o." Ohùn ìyá àgbà sì gba ilé kan, ó ń ki Adéògún. Tísà jókòó, ó sunkún ayọ̀.

Ìbídùn kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró lọ mọ́. Ó fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló ti máa ń pè é bí ẹrù àtijọ́ kan bá ṣòro ṣí.

Láti ọjọ́ náà ni òbìrìkìtì ti máa ń yí lójú kọ̀ǹpútà nígbàkigbà tí Ètò tuntun bá wọlé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbá a létí, ẹ má sì pa iná. Ìyàwó ló ń kí ilé. Ẹ jẹ́ kó kí wọn tán.