Àwẹ̀ró àti Ìbídùn ní Pápá Ẹkùn

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bèèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ eré tí àwọn ọmọ náà ń ṣe? Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ó tú wọn ká?

Lóde òní, ọmọ lè jókòó sínú yàrá kó tẹ fóònù, kí ẹ̀rọ sì bá a wá ẹni tí agbára rẹ̀ bá tirẹ̀ mu láti ìlú tí kò dé rí, kí wọ́n lè jọ ṣeré ìlépa: ẹnìkan á máa lé, àwọn mẹ́rin á máa sá. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń ṣe é nílùú Ìdí-Àpáta láyé ọjọ́un. Ìyá Ṣówándé ni wọ́n ń pè é.

Bí wọ́n bá ti kórè iṣu tán, tí oòrùn ọ̀sán sì ti ń rọlẹ̀, àwọn ọmọ ìlú àti ti àwọn abúlé àyíká a máa pé jọ sí ẹsẹ̀ òkè láti ṣe ẹkùn-mẹ́ran. Ẹnìkan ni ẹkùn, mẹ́rin ni ẹran. Àwọn ẹran ní láti já ewé lára àwọn igi tó wà káàkiri àárín àpáta, kí wọ́n sì gbé e dé agbo, ìyẹn ilé ẹran, kí ọwọ́ ẹkùn tó bà wọ́n. Èyí tí ọwọ́ bá bà yóò lọ jókòó sórí òkúta pẹrẹsẹ kan, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹran mìíràn yóò fi yọ́ wá fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ṣówándé ló ń pín wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹkùn rí nígbà èwe, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan. Bí ọmọ bá borí, kì í yára yìn ín. Ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tí ọmọ náà borí, nítorí pé ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn tó gbóná ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀tọ̀ ni òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ẹkùn, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó fi ń wọn ẹran, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n sá lè má mọ̀ ọ́n lé. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí àyà ẹni tó ń lé àti ti ẹni tó ń sá jọ máa lù kìkì, kí ẹnìkan má sunkún, kí ẹnìkan má sì yán.

Ogún ni àwọn ọmọ àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí lọ́dún kan náà. Òpè ni gbogbo wọn, nítorí náà pápá ìsàlẹ̀ ni Ìyá Ṣówándé kó gbogbo wọn sí. Àwẹ̀ró àti Ìbídùn wà lára wọn. Ògiri kan ló pín ilé àwọn méjèèjì. Àwẹ̀ró rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ìgalà. Ìbídùn wúwo díẹ̀, ẹ̀rín a sì máa pa á débi pé inú igbó tó bá sá sí gan-an ni ẹkùn yóò ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá mú un, Àwẹ̀ró á rákò wá, á fọwọ́ kàn án léjìká, àwọn méjèèjì á sì jọ bẹ́ sínú koríko. Àwẹ̀ró kò mọ ohun tó dùn tó ìyẹn láyé.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ṣówándé fi na ọ̀pá sí Àwẹ̀ró pé kó máa bọ̀ ní pápá òkè. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, àwọn tó tó o bá ṣeré kò pọ̀. Ó di kó máa jókòó retí àwọn ọmọ abúlé tó jìnnà títí wọn yóò fi pé. Nígbà tí wọ́n bá dé, eré wọn á mú bí abẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti parí, kálukú á gbọn yanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, á gba ọ̀nà abúlé rẹ̀ lọ. Nínú ìdúró yẹn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń gbé ẹ̀rín Ìbídùn wá bá a láti ìsàlẹ̀. Á gbọ́ ọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti ń gbọ́ ìró odò tí kò rí ọ̀nà dé.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fa Ìbídùn lọ́wọ́, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ṣówándé.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ wọlé pọ̀.”

“Ẹ ó jọ wọlé,” ni ìyá náà wí, “àmọ́ ẹkùn tó tó ìwọ Àwẹ̀ró ni n ó fún yín. Bí mo bá fún yín ní èyí tó tó Ìbídùn, mo rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ.”

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Adégòróyè, ọmọkùnrin kan láti Abúlé Ọ̀pẹ, ni ẹkùn ọjọ́ náà. Kí Ìbídùn tó rí ibi fara pamọ́ sí, ọwọ́ ti bà á. Àwẹ̀ró gbà á sílẹ̀, ọwọ́ tún bà á. Àwọn ẹran méjì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé, wọ́n ní òun ló ń fa àwọn sẹ́yìn. Ìbídùn jókòó sórí òkúta, ó tẹ orí ba. Àwẹ̀ró kò tíì rí i rí kó jókòó síbẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

Ni Àwẹ̀ró bá dá ọgbọ́n mìíràn. Bí òun kò bá lè fa ọ̀rẹ́ òun gòkè, òun á sọ ara òun kalẹ̀. Ó ń kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta, ó ń sá pamọ́ sí gbangba. Ìyá Ṣówándé ń wò ó, kò bá a wí, ó kàn ń sún un sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ara rẹ̀ ní pápá tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ni ẹkùn lọ́jọ́ náà. Ayọ̀ pé òun àti Ìbídùn tún jọ wà mú Àwẹ̀ró gbàgbé ara rẹ̀; ó sáré bó ti mọ̀ ọ́n sá. Ó já ewé tán lára gbogbo igi, ó ń yí ọmọ náà po bí ìjì, títí ọmọ náà fi jókòó sílẹ̀ tó bú sẹ́kún.

Ìbídùn ló lọ nu ojú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, o mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣubú kí o lè padà wá bá wa.”

“Àárò rẹ ló ń sọ mí.”

“Àárò tìrẹ náà ń sọ mí. Ṣùgbọ́n wo ojú ọmọ ọlọ́mọ. Padà sókè, jàre. Bí ẹnìkan yóò bá wá ẹnìkan wá, jẹ́ kó jẹ́ èmi ni n ó wá ọ wá.”

Àwẹ̀ró rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ òun lẹ́kún ni. Ó padà sókè. Kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí Ìbídùn fi ń jókòó sórí òkúta, ojú rẹ̀ kò jókòó. Ó ti mọ ibi tí ẹran máa ń wò kó tó dìde, ó ti mọ igbó tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá wọ̀. Nígbà tí ọdún yípo, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹkùn. Kì í sáré púpọ̀. Ibi tí ẹran ń bọ̀ ni yóò lọ dúró sí. Ìyá Ṣówándé fi òṣùwọ̀n ẹkùn wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ó wúwo, ó sì ń gbé e ga.

Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gidi, Àwẹ̀ró ń retí ẹkùn tí yóò bá a ṣeré ní pápá òkè. Ẹni tó rí tó ń gun àpáta bọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ìbídùn ni.

“Mo ti dé,” ni Ìbídùn wí. “Má ṣàánú mi o.”

“Ìwọ náà, má ṣàánú mi.”

Wọn kò ṣàánú ara wọn. Àwẹ̀ró sáré lọ́jọ́ yẹn bí kò ti sáré rí. Ó tú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta, ó já ewé tó gbẹ̀yìn, ó kọjú sí agbo. Ó wo ọ̀tún láti tan ẹkùn jẹ, ó sì fò gba òsì. Ìbídùn ti dúró sí òsì. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ gbígbóná di ọrùn ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn.

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, bàbá Ìbídùn rí ilẹ̀ oko tuntun ní òdìkejì odò ńlá, ó sì kó gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò yòókù, a rí ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, a rí ẹni tó lọ sílé ọkọ, a rí ẹni tó kàn sọ pé òun ti dàgbà ju eré lọ. Nígbà tí wọ́n tún kórè iṣu tán, Àwẹ̀ró nìkan ló gòkè nínú gbogbo wọn. Ó lọ bá Ìyá Ṣówándé níbi tí ó jókòó sí.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ bí a ti ń wá ẹni tó tó ni bá ṣeré. Ẹ bá mi wá wọn.”

Ìyá Ṣówándé fà á mọ́ra.

“Ọmọ mi, ẹni tí agbára rẹ̀ tó tìrẹ, n ó wá a fún ọ lónìí, n ó sì wá a lọ́la. Ẹni tí ọkàn rẹ ń fẹ́, n kò ní òṣùwọ̀n rẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.”

Àwẹ̀ró sunkún díẹ̀ lórí itan rẹ̀. Àwọn àjèjì ọmọ mẹ́ta kan ń pariwo lẹ́bàá agbo pé ẹran kan ló kù kí àwọn pé. Ó nu ojú, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì lọ bá wọn.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá yìí ti di òwe. Bí àwọn àgbà bá rí i tí ọ̀rẹ́ ń fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ láìjà láìta, tí iṣẹ́, ìgbéyàwó tàbí ọ̀nà jíjìn ń pín àwọn tó ti jọ wà ká, tí ẹni tó ṣẹ́kù sì ń bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀, wọn á rọra sọ fún un pé kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnìkan: ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.