Ìdọ̀bálẹ̀ Akínfẹnwá ní Ààfin Èrínlá

Ìbẹ̀rù bo Àgbìnyà lọ́dún tí Olú Èrínlá, ọba tí wọ́n ń sìn, de àwọn ọ̀dọ́ wọn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọdọọdún ni àwọn ọmọ náà bá lọ, wọ́n lọ fi koríko bo òrùlé ààfin. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọba ní kí wọ́n dè wọ́n, òun fẹ́ tà wọ́n. Ìkà gbáà ni ọba yìí. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni kí ènìyàn dọ̀bálẹ̀ fún un, kí òun má sì dá a lóhùn, kí onítọ̀hún wà nílẹ̀ títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Akínfẹnwá Àjàní ni Baálẹ̀ Àgbìnyà nígbà náà, ọkùnrin gìdìgbà bí ìrókò, a-dá-ogun-dúró, baba ọmọ ọlọ́mọ. Ó ránṣẹ́ pé òun kò ní gbà kí wọ́n ta ẹnikẹ́ni. Igbá májèlé tí wọ́n dé ni ọba fi fèsì. Àṣà ìgbà náà ni pé ìjòyè tí igbá bá dé ilé rẹ̀ yóò mu ún, yóò sì kú sí yàrá ara rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, wọn a sun ìlú rẹ̀. Bí ó bá sì kú, ìlú tí kò lórí di ẹrú ọba.

Àwẹ̀ró, ìyálé rẹ̀, kúnlẹ̀ tẹkúntẹkún. "Baálé mi, ẹ sá. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ."

"Bí mo bá sá, Àwẹ̀ró, ta ni wọn yóò tà? Ọmọ rẹ ni. N ó mu ún, ṣùgbọ́n n kò ní kú sílé."

Ẹnu ọ̀nà ààfin ló ti mu ún. Ó wọlé, ó na gbalaja síwájú ìtẹ́, ó ní, "Kábíyèsí, mo wá tọrọ àwọn ọmọ mi." Ọba kò dáhùn. Oró ń gé ìfun Akínfẹnwá, ó sì ki eyín bọ ilẹ̀, nítorí bí ó bá ké, wọn yóò gbé e jáde kí ó tó kú. Ọba rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó rò pé ẹ̀rù ni, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn olorì kí wọ́n wá wòran. Ó jẹ obì tán, ó fẹsẹ̀ ti orí àgbà náà.

"Ó yá, dìde, òmùgọ̀!"

Ara ti tutù.

Ọ̀tún, olórí àwọn afọbajẹ, faṣọ bojú. "Kábíyèsí, ẹ ti rí òkú. Ọba tó bá fojú kan òkú ní Èrínlá kì í jókòó lórí ìtẹ́ mọ́."

"Ta ló kú? Ó ń díbọ́n ni! Ẹ nà án!"

 Àwọn afọbajẹ gba adé lórí ọba, wọ́n sì po ohun tó ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mu fún òun náà. Ó ń ké bí ewúrẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi pin, kò sì sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀.

Wọ́n tú àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé baba wọn délé. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló fi omi ṣan erùpẹ̀ ààfin kúrò láàrin eyín ọkọ rẹ̀. Títí dòní, bí àyà ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ní Àgbìnyà, kíá ni àgbà yóò fọwọ́ kàn án léjìká, "Dìde, dìde." Èyí tó bá sì pẹ́ nílẹ̀, ìyá rẹ̀ a bú sẹ́kún.