Bí Ìkòkò Amọ̀ Ṣe Bọ́ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mẹ́ta Sílẹ̀

Nígbà láéláé, nílẹ̀ Kénáánì, nígbà tí inú àgọ́ làwọn èèyàn ń gbé, ìkòkò ní ẹsẹ̀. Mẹ́ta ni, ó kúrú, ó sì ki. Ìdérí ń dá gbé láyè tirẹ̀.

Ìkòkò Amọ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Átárà. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ rárá. Ọbẹ̀ ẹ̀wà á kún inú rẹ̀, á sì máa sá kiri. Ó gbọ́ ẹ̀rín létí kànga, ó ti lọ.

Átárà á ní, "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kí Ìdérí bò ọ́ lẹ́nu. Bí alángbá bá já sínú ẹ, tó kú síbẹ̀, o ti di aláìmọ́ nìyẹn."

"Kí Ìdérí wá sé mi léèémí? Ìyá, ṣebí alángbá já sínú Ìkòkò Idẹ lọ́jọ́sí, ẹ kàn wẹ̀ ẹ́ ni!"

"Idẹ nìyẹn. Òfin wa ò ní ká wẹ amọ̀. Ńṣe là ń là á mọ́lẹ̀."

Ìkòkò yínmú. Ẹ ẹ̀ rí alágídí!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ agogo ọrùn ràkúnmí. Ó di eré! Átárà ní kí Ìdérí tètè bá a lọ, ìyẹn sì ń yí gbirigbiri tẹ̀lé e. Ìkòkò dé ibi ààtàn àpáàdì lẹ́yìn àgọ́, ó dúró gbagidi. Ó rí etí ìkòkò kan nílẹ̀. Etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti là mọ́lẹ̀ ni. 

Bó ṣe gbójú sókè báyìí, alángbá kan ti yọ̀ lórí okùn àgọ́, ó ń já bọ̀ ní tààrà.

"Yéè! Ìdérí, gbà mí o!"

Ìdérí fò, ó bò ó, gbì! Alángbá balẹ̀ lórí Ìdérí, ó sá lọ.

"Jọ̀ọ́, má kúrò lórí mi mọ́," ni Ìkòkò ń sunkún wí.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa sá tẹ̀lé ọ kiri. Bọ́ ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Ó dùn ún wọra, àmọ́ ó bọ́ wọn. Átárà wá bá wọn níbẹ̀, ó gbé gbogbo wọn wálé. Ó to ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sídìí iná, wọ́n di òkúta, ó sì gbé Ìkòkò lé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò ti ń jókòó lórí òkúta mẹ́ta, tí ìdérí ń bò ó lẹ́nu. Àmọ́ bí iná bá ti ràn, tí òkúta wọ̀nyẹn gbóná, ìkòkò á mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa ta ìdérí sókè. Ó tún fẹ́ lọ wo ràkúnmí.