Jẹnẹrétọ̀ Abẹ́ Aṣọ
Àìsí iná ti sú gbogbo ayálégbé ilé Alàgbà Adéògún ní Ìkirè, ṣùgbọ́n bàbá onílé yìí tún kéde pé ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù yóò kó jáde nítorí èéfín, ẹni tó bá sì tan ti gáàsì náà yóò kó jáde nítorí ìbẹ̀rù iná. Morẹ́nikẹ́ aránṣọ, tí ooru ti mú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò bá a jiyàn. Ó ra èyí tó ń lo méjèèjì, ó fi aṣọ bò ó, ó sì gbé e síwájú onílé láàárọ̀ Sátidé tí gbogbo ilé ń gbálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ra nǹkan tuntun. Ẹ bá mi ṣàdúrà sí i." Alàgbà rò pé máṣíìnì ìránṣọ ni. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Wàá lò ó pẹ́. Kò ní ṣe ọ́ níbi nínú ilé yìí." Gbogbo ilé ké "Àmín!" Ni Morẹ́nikẹ́ bá ká aṣọ kúrò. Alàgbà lanu. "Bẹntiróòlù ló ń lò ni, àbí gáàsì?" "Méjèèjì ni, sà," ni obìnrin náà dáhùn, tó ń nu òógùn ojú. "Èwo ni kí n yọ kúrò nínú àdúrà yín?"