Bùjé Tí Ọ̀bọ Kùn fún Ẹfọ̀n

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tòògbé, ẹ máa tòògbé lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Àlọ́ yìí kan ẹ̀yin náà. Àlọ́ mi fà wọ̀ọ̀, ó fà tẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó lọ bà lé Ọ̀bọ lórí, ó sì fi ìrù kan Ìgbín.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń ṣe oge, Ìgbín ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń kun bùjé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bùjé. Èso igi ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á fi pa ara. Ẹni tó pupa á di adúmáadán, ara rẹ̀ á máa dán bíi kóró iṣin.

Kí ni Àwẹ̀ró wí? Báwo ni Ìgbín ṣe ń kun nǹkan nígbà tí kò lọ́wọ́? Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Mo bi bàbá mi náà nígbà ayé wọn. Wọ́n ní kí n jókòó. Jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kun bùjé. Oníbàárà á fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀ dáadáa, pàápàá orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, nítorí ibi tí awọ bá ti yi ni bùjé ti máa ń mu yó. Ìgbín á wá rọra wọ́ kọjá lára rẹ̀, á ní, "Ó tó. Máa lọ sùn." Omi bùjé kì í ní àwọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ara. Bí omi kànga ló ń rí. Ojú oorun ló ti ń dúdú.

Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ni Ìgbín ní, òun ni Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ló ń ká èso, Ọ̀bọ ló ń fi ọmọ odó gún un, àmọ́ kì í tọwọ́ bọ omi rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oníbàárà á padà wá dúpẹ́, òun àti ará ilé rẹ̀.

"Ọ̀gá Ìgbín, ọwọ́ yín mà dára o!"

"Ọ̀gá Ìgbín, ọwọ́ yín ò ní kán!"

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa Ọ̀bọ. Ìgbín ò lọ́wọ́ rárá. Ọ̀bọ lọ́wọ́ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà sì ń ṣe bí ọwọ́. Kò sẹ́ni tó yin ẹyọ kan níbẹ̀.

Nítorí náà, tó bá ti gbọ́ gìrìgìrì àwọn tó ń bọ̀ wá dúpẹ́, á gun igi, á fi ìka di etí, á sì dijú. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń rí iṣẹ́. Owú ò jẹ́ kó dúró wo òwúrọ̀ rí. Tó bá wá pàdé oníbàárà lọ́nà, tí onítọ̀hún ti dúdú kirikiri, á ní oògùn kan wà nínú ìkarahun Ìgbín, tó ń yọ́ lọ fi kún un lẹ́yìn òun.

Á wá bi Ìgbín pé, "Ọ̀gá, kí lẹ ń fi sí i?"

"Bùjé ni."

"Bùjé nìkan?"

"Dúró di àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó o fojú ara rẹ rí i."

"Kí n dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì yín? Ó tì o!"

Ó wá di pé Ẹfọ̀n fẹ́ lọ sílé ọkọ. Nígbà náà, Ẹfọ̀n pupa bíi yangí. Ó ránṣẹ́ sí Ìgbín pé ọ̀la ni ìyàwó, kó wá sọ òun di adúmáadán, ojú gbogbo ìlú lòun á sì ti kúnlẹ̀ kí i. Ìgbín ní òun ń bọ̀. Ó sì gbéra. Ẹ mọ bí Ìgbín ṣe ń gbéra.

Kúnlẹ̀ tí Ọ̀bọ gbọ́ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé igbá bùjé ńlá, ó gba orí igi, oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi dé ilé Ẹfọ̀n.

"Ẹ kú oríire o, ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọ̀gá mi ti darúgbó, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún."

Kò sẹ́ni tó rántí bi í pé ọwọ́ wo.

Ẹfọ̀n dùbúlẹ̀. Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó kùn ún dé èjìká. Kò dúdú.

"Ọ̀bọ, mi ò rí nǹkan kan o."

"Ó ń bọ̀ lọ́nà." Ó tún un kùn.

"Ṣé o wá wẹ̀ fún mi ni?" Ẹfọ̀n gbọn ìwo.

Ẹ má rí ìwo Ẹfọ̀n nítòsí. Ọ̀bọ ti tọwọ́ tẹsẹ̀ bọ igbá. Ó dà á sórí, ó dà á sọ́rùn, ó fi fọ etí. Kó tó dé ìbàdí, igbá gbẹ.

Ó ní, "Ó tó. Ẹ máa lọ sùn." Nínú ọkàn rẹ̀, bí kò bá dúdú, Ìgbín ló fún òun ní bùjé burúkú. Bó bá dúdú, òun lọ̀gá. Wọ́n gbé iṣu fún un, ó jẹ, ó sì sùn bí ẹni rere.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó nawọ́ sí iṣu tó ṣẹ́ kù. Ó rí ọwọ́ dúdú kan tó ń bá òun mú un. "Ta ló ń bá mi jẹun?" Ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ó wo ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà dúdú. Ọ̀rọ̀ yé e lójijì. Ó já lu ẹ̀yìnkùlé, ó di orí ìrókò.

Ẹfọ̀n jáde. Láti orí dé ìbàdí, ó dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Láti ìbàdí dé ìrù, yangí ni. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fà yọ láàbọ̀ nínú ilé tó ń jó. Ìyá rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ta lẹ ń wá?"

Bí Ẹfọ̀n ṣe bú ramúramù nìyẹn. Ó kan ìrókò, ìrókò mì.

"Sọ̀kalẹ̀ wá, Ọ̀bọ! Màá sá ìfun rẹ sórí ìwo!"

"Ibí tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ṣeun."

Àsìkò yìí ni Ìgbín dé. Ó ní ọ̀nà jìn díẹ̀. Ó wo iwájú Ẹfọ̀n, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bùjé kì í ṣeé fọ̀," ló wí. "Àmọ́ a lè mú ẹ̀yìn bá iwájú. Ẹ ní kí ọkọ ó dúró di ọ̀la."

Ta ló fẹ́ kọ̀ fún Ẹfọ̀n? Ọkọ dúró. Nírọ̀lẹ́, Ìgbín wọ́ gba ẹ̀yìn yẹn, ó wọ́ ọ, ó wọ́ ọ, títí omi bùjé tó gbé wá fi tán.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Ẹfọ̀n jáde. Gbogbo ìlú nawọ́ sí i. Irú dúdú bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó ti kun bùjé ní àkùntúnkùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó rántí pé ìyàwó òun ni. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Ọ̀gá Ìgbín, ọwọ́ yín ò ní kán láéláé!"

Ọ̀bọ ń wò láti òkè. Kò fi ìka di etí lọ́jọ́ yẹn. Orí, iṣẹ́ òun. Ọrùn, iṣẹ́ òun. Èjìká tí gbogbo ìlú ń nawọ́ sí, iṣẹ́ òun ni! Ìdí nìkan ni Ìgbín kùn. Kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Èmi ni o! Iwájú yẹn, èmi ni mo kùn ún!"

Ẹfọ̀n gbójú sókè. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ọ̀bọ ní, "Kò sẹ́nì kankan."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí owú ò jẹ́ kó wo iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ dópin, yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì wà lórí igi nígbà tí wọ́n bá ń kí ẹlòmíràn fún un. Bí mo bá pa irọ́ kankan mọ́ ọn, kí Ìgbín ó sáré wá mú mi.