Adégbàjá àti Ẹni Tó Dúró ti Ọba

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òpìtàn ni mí. Eku ilé ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà, tó sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń kọjá lọ jí ẹja gbígbẹ. Bí ẹ bá rí ibi tí ìtàn náà ti wọ́, eku ni kí ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, tí àwọn tó kù sì ń díbọ́n, ẹ jẹ́ kí aláìmọ̀kan náà sọ tirẹ̀.

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti àǹjọ̀nú ṣì ń pàdé lójú ọ̀nà tí wọ́n sì ń kí ara wọn kú ìrìn, ìlú kan wà ní ẹ̀bá ọ̀dàn tí à ń pè ní Ìdó-Osè. Ìlú náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ìgbéraga tó wà nínú rẹ̀ tó ti ìlú mẹ́ta. Igi osè ńlá kan wà láàárín ọjà wọn. Bí jagunjagun kan bá ṣe ohun tó ju agbára ènìyàn lọ, wọn a kan èèkàn mọ́ ara igi náà, wọn a gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀, àwọn ìyàwó ààfin a sì máa kì í lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ní Ìdó-Osè, ẹni tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ wà lára igi ni ènìyàn. Àwọn yòókù, èrò ọjà lásán ni wọ́n.

Ọ̀kọ̀ tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti Ògúnlékè. Ògúnlékè Adúró-tọba, igi gbígbẹ tí kò bẹ̀rù iná, àpáta odò Àwẹ́ tí ìkún omi rí tó yà lọ́nà, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ogún ọ̀tá dojú kọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Bí ó ṣe gba oríkì yìí kò ṣòro láti sọ. Àṣà ìlú wọn ni pé bí ogun bá dé, ọba fúnra rẹ̀ ni í gbé adé baba-ńlá lọ pamọ́, ẹ̀ṣọ́ kan péré ni í sì í tẹ̀ lé e, kí ẹnu má bàa pọ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú Agbọ́n ṣígun wá, Olósè, ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, mú Ògúnlékè lọ sí etí odò Àwẹ́. Ògúnlékè nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà. Òkú ọba wà ní èjìká rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀tá ká àwọn mọ́. Ó ní òun bá wọn jà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní kí òun tó lé wọn tán, ọba ti ṣubú, kò sì sọ ibi tó fi adé sí. Ìlú sunkún, ìlú sì jó. Kò sí ẹni tó béèrè bí ènìyàn kan ṣe lè bá ogún ènìyàn jà tí kò ní ojú ọgbẹ́ kan lára. Ẹ̀yin náà ìbá má béèrè. Ìtàn tó bá dùn, a kì í tú inú rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n adé ti sọnù. Wọ́n wa ilẹ̀ títí etí odò fi dà bí oko iṣu, wọn kò rí i. Àrẹ̀mọ Adélérè wà nílẹ̀, ó yẹ lóyè, ó mọ ìwà hù, àmọ́ ní Ìdó-Osè orí tí adé baba-ńlá kò kàn kì í ṣe orí ọba. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Alágbọ́n, ọba ìlú Agbọ́n, ránṣẹ́ sí wọn pé: "Ilé tí kò ní olórí, aládùúgbò ní í bá a tún un ṣe. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí adé kò sí lórí ẹnikẹ́ni nínú yín, n ó gbé ọmọ tèmi wá jókòó lórí ìtẹ́ yín." Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Wọn kò ní ọmọ ogun tó lè dá a dúró.

Ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí ìkùukùu ti ń kóra jọ níhà Agbọ́n, obìnrin kan gun ràkúnmí wọ àárín ọjà ní ọ̀sán gangan. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán bí ìkòkò tuntun tí a fi epo pa. Ó ní adé ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n adé náà kò sí lórí rẹ̀. Ìdí ló so ó mọ́, bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń so ọ̀já. Àwọn àgbà tó rí i dìde láìmọ̀ pé àwọn dìde. Adégbàjá ni, ìjòyè obìnrin láàfin àwọn àǹjọ̀nú, ọlọ́lá ọmọ ọlọ́lá, ẹni tí òórùn ìkọ̀kọ̀ ń fà bí òórùn ẹran yíyan ṣe ń fa ajá. Mo gbọ́ pé àwọn olóògùn òkè òkun náà mọ irú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, àti pé lóde òní àwọn ọmọdé ń bá a jà nínú eré orí ẹ̀rọ, wọ́n á pa á, wọ́n á tún un pa, kí wọ́n tó lọ jẹun alẹ́. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹni tí wọ́n ń pa kò tíì kú, ó sì mọ ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

Adégbàjá kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀yin ará Ìdó-Osè, mo kí yín. Kò sí ohun tí a fi pamọ́ lábẹ́ ọ̀run tí ojú mi kò tó. Ẹ ń wá adé, mo mọ ibi tó wà. N kò gba wúrà, n kò gba ẹrú, n kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ìkọ̀kọ̀ ni mo ń tà, ìkọ̀kọ̀ ni mo sì ń gbà. Ẹni tó bá bi mí, n ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun náà fi pamọ́, ní etí gbogbo ọjà. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tí kò di etí, tí kò jiyàn, n ó fi adé hàn yín. Bí òjò bá bá mi níbí, mo ti lọ nìyẹn."

Ìyálóde, ẹni tí ariwo "adé dà, adé dà" kì í tán lẹ́nu rẹ̀, rántí lójijì pé òun gbé ọbẹ̀ kaná. Ọ̀tún, ìjòyè àgbà, jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ilé ló jókòó sí, ó rán ìránṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Adégbàjá wo ìránṣẹ́ náà. "Ta ló rán ọ?"

"Ọ̀tún ni, ìyá. Wọ́n ní kí n béèrè, kí n sì dúró gbọ́ tèmi. Èmi ò kúkú fi nǹkan pamọ́, àfi iṣu kan tí mo jí jẹ lánàá."

"Ṣé iṣu náà dùn?"

"Ó dùn díẹ̀, ìyá."

"Lọ jókòó, ọmọ mi. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù." Ó wá gbé ohùn sókè síhà agbo ilé Ọ̀tún. "Ọ̀tún o! Ewúrẹ́ Ìyálóde tó sọnù, tí o ní ọmọ òrukàn ló jí i, tí o sì lé ọmọ náà kúrò nílùú, awọ rẹ̀ lo fi ìdí lé báyìí."

Ohùn kan ké láti ẹ̀yìn ògiri: "Irọ́ ni!"

"Ó ti jiyàn," ni Adégbàjá wí. "Ó tán."

Balógun wá jáde, ó gbé àyà síwájú, ó so oògùn mọ́ apá bí igi eléso. Adégbàjá ní: "Balógun, ọgbẹ́ itan rẹ tí o ní ọfà Agbọ́n ló ṣe é, ìyàwó rẹ kékeré ló fi omorogùn ṣe é, ní ọjọ́ tí o ní ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀." Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Láàárín wọn ni a ti gbọ́ ohùn obìnrin kan: "Kò níyọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé iwájú àlejò ló yẹ kó ti wí i?" Balógun ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sì ń tiro lọ sílé.

Afẹ́fẹ́ òjò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé erùpẹ̀. Kò sí ẹni tó tún jáde mọ́. Nígbà náà ni ojú gbogbo ọjà yí sí Ògúnlékè, tó jókòó sábẹ́ ọ̀kọ̀ ara rẹ̀. Ó dá wọn lójú pé bí ènìyàn kan bá wà tí kò ní àbàwọ́n, òun ni. Àwọn ìyàwó ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Olorì Abẹ̀jẹ́, opó Olósè tó kú, tí í ṣe ìyá Àrẹ̀mọ, wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ògúnlékè, ọmọ mi," ni ó wí, "ìwọ lo gbé ọkọ mi wálé fún mi. Bá mi gbé adé rẹ̀ wálé náà."

Ògúnlékè wo ìkùukùu, ó wo Àrẹ̀mọ, ó sì dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ràkúnmí náà.

"Dìde," ni Adégbàjá wí. "Ojú mi ni kí o wò."

"Ìyá ọlọ́lá, kí ló dé tí adé yín kò sí lórí?"

"Bí adé bá wà lórí, gbogbo ènìyàn á dojú bolẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò wo ojú ẹni tó dé e. Èmi, ojú ni mo fi ń ṣòwò. Kí lo fẹ́ bi mí?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tí adé wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo fi pamọ́."

Adégbàjá rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Bí o bá sọ ọ́, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́, kò sì ní sí ohun tí n ó gbà. Àti pé mo mọ̀ yín. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ a máa fi oyin sí i. Pa ẹnu mọ́, kí o gbọ́."

Ògúnlékè pa ẹnu mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ gbéra bí ẹni pé ó fẹ́ di etí, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Adégbàjá ní: "Ẹ̀yin ará ọjà, ọkùnrin yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ àwọn ará Agbọ́n, ó gun igi arère kan, ó sì fi ewé bo ara rẹ̀. Ọba yín sá wá sábẹ́ igi náà, ó fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ó ri adé mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Agbọ́n bá a, tí wọ́n sì pa á. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ọkùnrin yìí tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọba ni."

Àwọn ìyàwó ààfin ti dákẹ́ láìparí oríkì. Olorì Abẹ̀jẹ́ kò ké, kò ṣépè. Ó béèrè ohun kan péré:

"Ṣé ó pè ọ́?"

Ògúnlékè ní: "Ó pè mí, ìyá. Ó rí mi lórí igi. Ó ní, 'Ògúnlékè, wo ibí.' Ìsinsìnyí ló yé mi pé ó fẹ́ kí n mọ ibi tí adé wà, kí n lè padà wá gbé e. Mo ti dijú, ìyá. N kò là á títí ó fi tán."

Nígbà tí Adégbàjá gbọ́ èyí, ó tẹ orí ba fún un, ohun tí a kò gbọ́ rí pé ọlọ́lá àǹjọ̀nú ṣe fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara. "Igi arère tí ẹ̀ka rẹ̀ na ọwọ́ sínú odò," ni ó wí. "Ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́." Ó yí ràkúnmí rẹ̀ padà, ó sì lọ.

Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí adé. Inú òjò àkọ́rọ̀ gan-an ni wọ́n ti gbé e lé Adélérè lórí. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Alágbọ́n dé, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Bí ìlú ṣe bọ́ lọ́wọ́ Alágbọ́n nìyẹn.

Ẹ mọ ohun tí ìlú tó bọ́ kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n gun igi osè lọ yọ ọ̀kọ̀ ẹni tó gbà wọ́n. Balógun ló gùn ún, pẹ̀lú itan omorogùn rẹ̀. Ọ̀tún ní ìtìjú ńlá ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn ọmọlúàbí, ó sì wí i lórí awọ ewúrẹ́. Wọ́n fi òfin de oríkì rẹ̀, pé ẹni tó bá kì í yóò san ìtanràn. N kò bá wọn jà. Ènìyàn kì í fẹ́ rí ẹni tó ṣe ohun tí òun kò lè ṣe, pàápàá bí ohun náà bá jẹ́ òtítọ́.

Olorì ló gba ọ̀kọ̀ náà lọ́wọ́ Balógun. Kò sọ pé òun dárí ji Ògúnlékè. Ó gbé e fún un, ó ní: "Má gbé e kọ́ síbì kankan mọ́. Dì í mú."

Ògúnlékè dì í mú lọ sí etí odò Àwẹ́, ó pa àgọ́ sábẹ́ igi arère náà, ó sì ń ṣọ́ ibi tí ènìyàn ń gbà sọdá. Irun rẹ̀ funfun níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ ọjà yẹn ń pè é ní Baba Etídò, wọn kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ní òwúrọ̀ kan, àwọn apẹja rí ipa ẹsẹ̀ púpọ̀ tó ti òdìkejì wá, tó tún padà síbẹ̀. Wọ́n rí Ògúnlékè tó jókòó, tó fi ẹ̀yìn ti igi, ojú ọgbẹ́ kan wà ní àyà rẹ̀, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà. Àwọn kan ní ó dúró ni, òun ló lé wọn padà. Àwọn mìíràn ní oorun ló ń sùn tí wọ́n fi gún un, wọ́n kàn padà nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ ni.

"Ojú rẹ̀ là, mo fi ojú ara mi rí i!"

"Ojú ẹja pàápàá kì í pa dé. Ṣé akọni ni ẹja?"

Wọn kò parí rẹ̀ títí di òní. Ọba Adélérè sin ín sábẹ́ igi arère, ó yí òkúta ńlá kan sí i lórí. Wọn kò dá oríkì rẹ̀ padà, wọn kò sì yọ èèkàn rẹ̀. Ó ṣì wà lókè igi osè, lófìfo. Ní ọjọ́ ọdún, wọ́n á kì gbogbo akọni láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tí wọ́n bá dé ibi èèkàn náà, gbogbo ìlú á dákẹ́ fẹ́ẹ́, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wúkọ́ ni yóò ra ẹmu.

Eku ní Adégbàjá ṣì ń kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, bí ọjà bá kún. Ó máa ń dá ràkúnmí rẹ̀ dúró, á wo èèkàn òfìfo náà, á sì wo ojú àwọn ènìyàn, kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè lè béèrè. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò ní òwúrọ̀ yẹn. Ohun tó ń gbà kò tíì yí padà.

Ta ni nínú wa tí yóò lọ bi í?